Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ilé Bàbá Aláago, Ẹni Tí A Tì Mọ́ta fún Oṣù Méje

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ìyá wa, ìyàwó Bàbá Aláago, ẹ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ẹ lè gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ, ẹ̀yin àbúrò olóògbé, ẹ fún ara yín láyè. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Lẹ́tà ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ fún ẹni kan kí èkejì má gbọ́.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ojú tó ń tì wá, ni àwa Ẹgbẹ́ Àwọn Olólùfẹ́ Rédíò fi kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ẹ̀gbọ́n wa àti ọ̀gá wa, Bàbá Aláago, tó fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe alábòójútó ẹ̀rọ ẹgbẹ́. Akọ̀wé ló yẹ kó kọ irú ìwé báyìí. Ó tilẹ̀ ti kọ ọ̀kan tó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ nígbà tó kà á fún wa ní ìpàdé, ohun tí a ṣe kò sí nínú rẹ̀ rárá. Alága wa, tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò, wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ọwọ́ ta ló tẹ̀ ẹ́?" Mo ní ọwọ́ mi ni. Ó ní, "Ọwọ́ náà ni kó kọ ọ́." Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èmi tí kò kọjá ìwé mẹ́rin ló dúró níwájú yín. Ibi tí gbólóhùn bá ti wọ́, ẹ bá mi tò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ bàbá fún ẹ̀yin tí ẹ kàn ń rí irin gígùn lórí òrùlé ilé yìí, tí ẹ rò pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ sá lé e. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ní rédíò nílé, a fi ń bá àwọn tó wà ní òdìkejì òkun sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ yìí fún wa, ìfẹ́ rẹ̀ ló kó wa sínú. Ohùn tó ti ọ̀nà jíjìn wá kì í sì í pẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ó lè dún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó pòórá. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò tẹ ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ẹgbẹ́: mo gbọ́ lágbájá, orí nọ́ńbà rédíò báyìí ló wà, ẹ sáré wá. Ẹ̀rọ wa yóò sọ fún àwọn ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ìlú mìíràn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, ayé ti gbọ́.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni ẹ̀rọ náà. Ó wà nínú yàrá kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, òórùn gọ́ọ̀mù bàtà máa ń gba ilẹ̀ pákó gòkè wá bá wa. Fáànù rẹ̀ ń kùn bí oyin. Ẹni tó jẹ́ alábòójútó ní àwọn àṣẹ tí ọmọ ẹgbẹ́ lásán kò ní. Ó lè tẹ èyí tó fi ń rí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà. Ó lè já ìlà tó bá ta kókó. Ó lè kéde fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ kan sì wà tó le jù: èyí tí a fi ń ti ẹnu èèyàn pa, tí ìfilọ̀ rẹ̀ kò ní kọjá ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ẹni tí irú kọ́kọ́rọ́ yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ ara rẹ̀ di ọba.

Bàbá Aláago kò sọ ara rẹ̀ di ọba. Nínú ọdún mọ́kànlélógún náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ló ti èèyàn. Kò sì ti ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Yóò pè é, yóò ní, "Ọ̀rẹ́, mo fẹ́ tì ọ́ o, ohun tó o ṣe nìyí, ọjọ́ tí n óò ṣí ọ nìyí." Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sára pátákó dúdú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: orúkọ, ẹ̀ṣẹ̀, ọjọ́ ìṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí i. Ó ní ẹ̀rọ kì í gbàgbé ìkà, kì í sì í rántí àánú, àwa la gbọ́dọ̀ máa rán an létí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ pàápàá ń parọ́ pé òun gbọ́ ohun tí kò gbọ́, a dé ọjọ́ kejì, a bá a lára pátákó: "Àbúrò mi. Irọ́. Ọjọ́ méje." Ẹ̀yin àbúrò olóògbé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

A kò lè gbàgbé ọdún tí ìjì wó òpó tẹlifóònù. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà lójú agbami, ẹni kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọgbẹ́ ti wú u lẹ́sẹ̀ débi pé kò lè dìde, ohùn rédíò rẹ̀ ò sì lágbára ju ti aláǹgbá lọ. Bàbá ló gbọ́ ọ. Ó tẹ ìfilọ̀, ó tẹ àṣẹ ìkéde, ó gbé bátìrì mọ́tò ti ẹ̀rọ kí iná má baà lọ, ó jókòó tì í fún odidi ọjọ́ méjì. Láti etíkun mẹ́ta ni àwọn olétí ti dá a lóhùn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ dókítà. Ọkùnrin náà yè. Nígbà tí bàbá délé, ìyá wa béèrè ibi tó wà. Ó ní, "Mo lọ gbọ́ nǹkan."

Èmi fúnra mi, òun ló sọ mí di ẹni tó mọ ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ló ń rán aṣọ, ẹnu mi ló ń kọrin, ayọ̀ ni wọ́n fi bí mi, n kì í lè fi í pamọ́. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn àṣẹ yẹn, lẹ́tà àjèjì ni wọ́n. Bàbá ní, "Àbúrò, ṣé o mọ orin?" Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń béèrè bóyá ẹja mọ odò. Bí a ṣe sọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan di orin nìyẹn. Ti ìtìpa rèé:

Tì í, tì í, má tì í níkọ̀kọ̀,
Bó o bá tì í tán, kọ ọ́ sí pátákó.
Ṣí i, ṣí i, má gbàgbé ṣí i,
Ẹni tó wà níta, ọmọ ìyá wa ni.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣẹ ìtìpa àti àṣẹ ìṣí kò ju lẹ́tà méjì lọ. Lẹ́tà méjì péré, ẹ̀yin ará mi.

Ọdún kejì rèé tó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́, tó padà sílé láti máa gbọ́ rédíò tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fẹ́ tẹ méje, ìka rẹ̀ á bọ́ sórí mẹ́rin. Àwọn ará òkèèrè yóò sáré lọ sórí nọ́ńbà tó kọ, wọn kò ní bá nǹkan kan. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ní, "Ta ni bàbá tó ń fi wá sáré òfo yìí?" Wọ́n ní bí a kò bá wá nǹkan ṣe, àwọn yóò ti gbogbo ẹ̀rọ wa mọ́ta.

Àwa mẹ́rin la ṣèpàdé: alága, akọ̀wé, oníṣẹ́ iná tó máa ń gun òpó fún wa, àti èmi. A ní kí á ti bàbá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹnìkan sì lọ bá a nílé, kó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Oníṣẹ́ iná ní, "Ta ló fẹ́ lọ sọ fún ọ̀gá pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n? Èmi kọ́ o. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú wáyà." Alága ní, "Akọ̀wé, ìwọ lọ." Akọ̀wé ní, "Alága, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ọmọdé ni mí." Alága wúkọ́. Ó wá ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ ná. A óò rí ẹni rán."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan péré nínú orin náà ni mo kọ, mo fi mẹ́ta tó kù sílẹ̀.

A kò rí ẹni rán. Nígbà tó kan pátákó, mo mú ẹfun, mo tún dá a padà síbi tó wà. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni bàbá ń wá nu eruku ara ẹ̀rọ, báwo ló ṣe fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kó bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀? A ní ọ̀wọ̀ ni kí á má kọ ọ́. Irọ́ ni, ojo ni. Nítorí pé pátákó mọ́ tónítóní, ọ̀sẹ̀ méjì pé, kò sí ohun tó rán ẹnikẹ́ni létí. Mo rò pé oníṣẹ́ iná ti ṣí i. Oníṣẹ́ iná rò pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á fi ẹnu sọ, àṣẹ ẹ̀rọ la fi sọ ọ́, ẹ̀rọ sì gba àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìtìpa yìí ṣe rí, kí ẹ lè mọ bí ohun tí a ṣe ti burú tó. Ẹ̀rọ kì í sọ fún ẹni tí a tì pé a ti tì í. Bó bá tẹ ìfilọ̀, yóò rí ìfilọ̀ tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, bí ẹni pé ó ti lọ. Òun nìkan ló rí i. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó rí i.

Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá ń nu eruku, ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Àbúrò, ṣé àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ mi?" Láti ibi tí mo jókòó sí dé ara ẹ̀rọ kò ju ìgùn apá kan lọ. Bí mo bá wò ó, màá rí i. N kò wò ó. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "À ń gbọ́ yín ketekete, ẹ̀gbọ́n mi," mo sì fi orin sí i. Ó ní, "Ó dáa." Ó ń bá eruku rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tó kú, àkọ́bí yín obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Kò jókòó. Ó ní, "Oṣù méje ni bàbá mi fi ń pè yín. Ẹ ò dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n kú pẹ̀lú èrò pé àwọn ti di ẹrù sí yín lọ́rùn. Kí ni wọ́n ṣe fún yín?" Ó ní ìyá wa sọ pé títí a ó fi dáhùn ìbéèrè yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan kò gbọdọ̀ jókòó láàárín ẹbí níbi ìrántí rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀. Oníṣẹ́ iná jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó pe ìwé àwọn tí a tì. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Oṣù méje àti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ẹ̀rọ tọ́jú gbogbo ohun tí bàbá tẹ̀. Irínwó ìfilọ̀ ó lé méjìlá ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni alága fi yẹ̀ wọ́n wò, ó ń fi wọ́n wé ohun tí àwọn ẹlòmíràn gbọ́. Méjì péré ló ṣì, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni méjèèjì. A wá gbọ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni nọ́ọ̀sì ra bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà onílẹ́tà ńlá fún bàbá rẹ̀. Ohun tí a torí rẹ̀ tì í kò gbé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìgbà mọ́kàndínlógún ló gbọ́ ohùn kan ṣáájú gbogbo ayé, tí ẹlòmíràn sì gba ìyìn rẹ̀.

Ààyè kékeré wà lẹ́yìn ìfilọ̀ tí a lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Ní oṣù kìíní, ohun tí bàbá ń kọ ni, "Ó ń dún bí agogo, ẹ sáré wá." Ní oṣù kẹta, "Ẹ kú àárọ̀ o." Ní oṣù karùn-ún, "Ṣé ẹnìkan wà nílé?" Ní oṣù tó kẹ́yìn, kò kọ ọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ńbà nìkan ni, gbogbo wọn sì pé.

Ẹ̀yin ẹbí, a kò ní àwáwí. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ló ń tì wá láti bá àgbà sọ òótọ́, a sì jẹ́ kí ìtìjú yẹn di ìkà. Bàbá Aláago kò di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwa la ti ilẹ̀kùn, tí a sì gbàgbé pé ó wà níta. A bẹ̀ yín, ẹ foríjì wá. Bí ẹ kò bá sì lè foríjì wá lónìí, ẹ kò jẹ̀bi.

A ti tẹ lẹ́tà méjì yẹn. A sì ti fi àṣẹ ìkéde sọ fún gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ tiwa pé irínwó ìfilọ̀ ó lé mẹ́wàá nínú wọn, òótọ́ ni wọ́n, pé ẹ̀bi wa ni wọn kò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. A di gbogbo wọn pọ̀ sínú ìwé kan, pẹ̀lú ìdáhùn àwọn ará òkèèrè. Ó wà lórí tábìlì níwájú ìyá wa. Ìpàdé ti fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí, a kò ní tẹ àṣẹ lé èèyàn lórí láìjẹ́ pé ẹnìkan ti fi ẹnu ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ padà, ọwọ́ oníṣẹ́ iná ló wà báyìí. Òun náà ni yóò máa tọ́jú irin orí òrùlé yìí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá gbà wá láyè, ọ̀kan nínú wa yóò wá kí ìyá wa, yóò béèrè ohun tó ń fẹ́, yóò sì dúró gbọ́ èsì.

Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohùn tí èèyàn kò gbọ́, kó tu ìyá wa nínú, kó tu àwọn ọmọ nínú, kó má jẹ́ kí ilé yìí tún gbọ́ ẹkún mọ́.

Èmi Ìyá Aránṣọ ni, ní orúkọ gbogbo Ẹgbẹ́.

Àfikún fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ráyè wá

Mo ka lẹ́tà náà tán. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní ẹ̀ ń gbọ́ wọn ketekete." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ò wo ẹ̀rọ." Mo ní n kò wò ó. N kò rí orin kankan kọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn.

Ìyá ilé náà ṣí ìwé tó wà níwájú wọn, wọ́n fi ìka tọ ìlà kan, wọ́n ní, "Ọkọ mi mọ̀."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá mi, kí lẹ wí?"

Wọ́n ní, "Láti oṣù kejì ló ti mọ̀. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélógún tọ́jú ẹ̀rọ, ṣé ẹ̀rọ lè pa irọ́ fún un? Mo ní kó lọ ṣí i, ṣebí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní rárá, ẹni tó bá tì í ni kó ṣí i. Ó ní, 'Ojú ló ń tì wọ́n, wọn yóò bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tèmi ni kí nọ́ńbà mi pé, kí wọ́n má baà ní ìdí láti tún tì mí.' Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ìwọ ọmọ yìí, nítorí ó mọ ẹnu ẹ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Àbúrò bàbá ni.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí. Wọ́n wò mí fín. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tó bi ọ́ léèrè, àyè ló fún ọ. Èmi náà fún yín láyè. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu yín á sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ẹ ti sọ ọ́. Ẹ wá jókòó sáàárín wa."

Alága ló kọ́kọ́ dìde lọ jókòó sáàárín wọn. Nọ́ọ̀sì wọ ilé ìdáná, ó gbé àwo oúnjẹ jáde, ó gbé e lé mi lórí itan. Kò rẹ́rìn-ín sí mi, n kò sì retí kó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́ kó má tutù, Ìyá." Mo jẹ ẹ́. Gbogbo wa jẹun, ẹbí àti ẹgbẹ́ lórí ẹní kan náà. Wọ́n bù fún akọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì di ti oníṣẹ́ iná fún un lọ sílé fún ìyàwó rẹ̀. A dúpẹ́, a dágbére, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ikùn tó kún. Kí Ọlọ́run máa tu ilé yẹn nínú, kó sì fún wa ní ẹnu tí í tètè sọ òótọ́.